Ẹkún Ìyàwó ní Ọ̀sán Gangan

Nígbà tí Sìkírátù sọ ọ́ ní gbangba pé òun ni yóò darí ẹkún ìyàwó Maimunah, àwọn obìnrin tí wọ́n wà ní ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà Igbudu dá ọjà tí wọ́n ń ná dúró. Ọ̀kan nínú wọn ká aṣọ òfì tí ó ti ná tán, ó gbé e padà sórí àtẹ. Èkejì tẹjú mọ́ ilẹ̀. Kò sí ará Ọ̀yọ́ kan ní Warri tí kò mọ̀ pé Nasirudeen, ọmọ kan ṣoṣo tí Sìkírátù bí, ni ó yẹ kí ó fẹ́ Maimunah. Ọta ìbọn ni kò jẹ́.

Ó ti lé ní ọdún kan. Nasirudeen gbé aṣọ lọ fún oníbàárà kan ní etí omi ní Ugbuwangue, ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn tí wọ́n ń du ilẹ̀ tí wọ́n sì ń du epo. Kò bá ẹnikẹ́ni du ilẹ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni du epo. Ìbọn kò bi í léèrè pé ọmọ ibo ni. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, tí wọ́n wẹ̀ ẹ́, tí ààfáà sì kírun sí i lára, Sìkírátù dúró ti ògiri, ojú rẹ̀ gbẹ bí ilẹ̀ ìgbà ọyẹ́. Kò ké. Kò yí ilẹ̀. Kò pe ọmọ rẹ̀ ní orúkọ. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ kan ti ń tẹ̀lé e kiri: "Obìnrin tí ó ń mú gbogbo ayé sunkún, ojú tirẹ̀ gbẹ níbi òkú ọmọ rẹ̀. Ṣé ọkàn ni ó wà nínú àyà yẹn, tàbí òkúta?"

Nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú ènìyàn sunkún. Aṣọ ni ó ń tà kí ó lè jẹun. Ẹkún ìyàwó ni ó ń ṣe nítorí pé kò lè má ṣe é. Láàrin àwọn ará Ọ̀yọ́, ọmọbìnrin kì í dákẹ́ jáde kúrò ní ilé bàbá rẹ̀. Yóò kúnlẹ̀ níwájú bàbá, yóò kúnlẹ̀ níwájú ìyá, yóò kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ, yóò máa fi ohùn arò dúpẹ́, yóò máa dágbére, yóò máa tọrọ àdúrà. Ẹni tí ó bá kúnlẹ̀ fún yóò sì dá a lóhùn pẹ̀lú ìre. Ní ilé, etí ni ọmọ fi ń kọ́ ọ láti kékeré. Ní Warri, níbi tí òbí ti ń sọ Yorùbá tí ọmọ sì ń fi Pidgin dáhùn, ẹnìkan ní láti kọ́ ìyàwó ní ẹkún rẹ̀, kí ó sì dúró tì í títí yóò fi sun ún tán. Ẹni náà ni Sìkírátù.

Bí ó ti ń ṣe é nìyí. Yóò dúró lẹ́yìn ìyàwó, yóò gbé àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé e ní agbedeméjì ẹ̀yìn, yóò máa fi ọ̀rọ̀ sí i létí ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìyàwó ni yóò gbé ọ̀rọ̀ náà sókè. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni yóò gbè é. Bí èémí ìyàwó bá fẹ́ já, àtẹ́lẹwọ́ náà ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, yóò sì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, bí ẹni tí ń fa ìjánu ẹṣin. Ìyá rẹ̀ àgbà ní Ìsẹ́yìn ni ó kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà, òfin kan ṣoṣo ni ó sì fi lé e lọ́wọ́: "Omijé àwọn tí ń gbọ́ ni iṣẹ́ rẹ. Tìrẹ, fi í pamọ́ títí ẹsẹ̀ ìyàwó yóò fi kan omi ní ẹnu ọ̀nà ọkọ. Ẹni tí ń pọn omi fún aráyé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí odò gbé òun lọ."

Ẹni tí kò bá mọ òfin yìí ni yóò pe ojú gbígbẹ ní àìlọ́kàn. Àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n pàápàá ti ń gbàgbé rẹ̀.

*

Alhaji Hàmídù, bàbá Maimunah, ni olórí àwọn ọlọ́jà tí wọ́n ti ilẹ̀ Ọ̀yọ́ wá sí Warri. Ó ránṣẹ́ pe Sìkírátù sí ilé rẹ̀ ní Ugborikoko. Kí obìnrin náà tó dé ibẹ̀, ó ní láti kọjá níwájú àwọn sójà tí wọ́n dí ojú ọ̀nà. Gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀, kí ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, kí ó sì máa rìn títí yóò fi kọjá àpò iyẹ̀pẹ̀ tí ó kẹ́yìn. Àgbà ń nawọ́, ọmọdé ń nawọ́. Ẹni tí ó gbé ẹrù lórí ń nawọ́, ẹrù rẹ̀ ń mì.

Fawziyyah, àbúrò Hàmídù, jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní pálọ̀. Òun ni ó tọ́ Maimunah dàgbà láti ìgbà tí ìyá ọmọ náà ti kú. Ó lẹ́nu, ó sì mọ̀ pé òun lẹ́nu.

"Ìyá Ẹlẹ́kún, ẹ jókòó," ni Hàmídù wí.

"Ìyá Nasiru ni mò ń jẹ́, Alhaji."

Àwọn ènìyàn ti dẹ́kun àti máa fi orúkọ òkú pè é. Wọ́n rò pé àánú ni àwọn ń ṣe. Kì í dá wọn lóhùn bí wọ́n bá ti pè é ní òmíràn. "Orúkọ tí ọmọ mi fún mi kò bá a wọ ilẹ̀," ni ó máa ń wí.

Hàmídù wú ikọ́. "Kò sí ìjà, Ìyá Nasiru. A kàn fẹ́ kí ẹ sinmi lórí ìgbéyàwó yìí ni."

"Ta ni ó sọ fún yín pé ó rẹ̀ mí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ń fi ewé di ọ̀rọ̀," ni Fawziyyah gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Èmi kò ní ewé lọ́wọ́. Bí ẹ bá sunkún níwájú àwọn ará ilé ọkọ, wọn yóò ní ẹ gbé ẹkún òkú lé ọmọ wa lórí lọ sí ilé ọkọ."

"Bí n kò bá sunkún ńkọ́?"

"Wọn yóò ní ẹ kò lọ́kàn. Wọ́n tilẹ̀ ti ń sọ ọ́. Ẹni tí kò lọ́kàn kò sì yẹ ní ẹni tí í gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ìyàwó."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ ti ti ilẹ̀kùn méjèèjì. Ó ku fèrèsé. Ẹ jẹ́ kí n gba ibẹ̀ wọlé."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Fawziyyah láìfẹ́. Hàmídù kò rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì kan tí ó wà lórí tábìlì. "Fawziyyah ti ra kásẹ́ẹ̀tì kan. Ẹkún ìyàwó ni ó kún inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Obìnrin tí ó sun ún, ohùn rẹ̀ dùn."

"Ohùn dídùn kò ṣòro, Alhaji. Obìnrin inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn, ṣé ó mọ orúkọ ìyá Maimunah? Ṣé ó mọ ẹni tí ó pọ̀n ọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ kú? Bí èémí ọmọ náà bá já, ta ni yóò dì í mú? Bátìrì?"

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní ilé mi."

"N kò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Iṣẹ́ mi ni ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. Ìbọn gba ọmọ mi, n kò rí ẹni tí n ó bá wí. Ẹ̀yin ni mo rí yìí, ẹ̀yin ni n ó sì bá wí. Bí mo bá ṣe é tí mo sì bà á jẹ́, ẹ lé mi. Ṣùgbọ́n ẹ kò ní lé mi nítorí bí ojú mi ti rí."

Aṣọ ẹnu ọ̀nà inú ilé mì, Maimunah sì jáde. Ọmọbìnrin gíga ni, ó ń kọ́ni ní ilé ìwé aládàáni kan ní Effurun. Ó ti ń gbọ́ wọn láti yàrá.

"Daddy, I don hear una. Na me go beg her. If no be Mama—"

"Sọ Yorùbá sí mi," ni bàbá rẹ̀ wí.

Ọmọ náà mí kanlẹ̀. "Bí kì í bá ṣe Màmá, ẹ dì mí bí ẹrù, kí ẹ gbé mi lọ sí ilé Akóredé, àfẹ́sọ́nà mi, ní ìdákẹ́. N kò ní ya ẹnu."

Hàmídù wo ọmọ rẹ̀, ó wo Sìkírátù, ó sì wo rédíò rẹ̀. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ le ju bí ó ti yẹ lọ. "Ó dára. Ṣùgbọ́n Fawziyyah yóò gbé rédíò yìí lé ẹsẹ̀. Bí ohùn yín bá gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, Ìyá Nasiru, lẹ́ẹ̀kan péré, yóò tẹ̀ ẹ́. Ẹ kò sì ní darí ẹkún ìyàwó kankan mọ́ láàrin wa."

"Kí ẹ ra bátìrì tuntun," ni Sìkírátù dáhùn. "Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín."

*

Òwúrọ̀ ni wọ́n ń kọ́ ọ, kí ọjà tó ṣí, ní yàrá Sìkírátù tí òórùn aró àti òwú kún inú rẹ̀.

Ìṣòro Maimunah kì í ṣe ọ̀kan náà lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ kan yóò sun ẹkún náà láìsí àṣìṣe kan, ohùn rẹ̀ yóò sì tutù bí omi ìkòkò.

"O ń kà á bí ẹni tí ń ka ìṣirò fún ọmọ ilé ìwé," ni Sìkírátù yóò wí. "Ta ni ìṣirò ń pa lẹ́kún?"

Ní ọjọ́ kejì ọmọ náà yóò fi gbogbo ara rẹ̀ sí i. Kò ní dé ìlà kẹrin kí ó tó gbé ojú lé ìrọ̀rí.

"Mama, I no fit. Once I open mouth, na Nasiru face I dey see."

Sìkírátù kò fọwọ́ pa á lórí. Ó dúró títí ọmọ náà fi gbé ojú kúrò lórí ìrọ̀rí. "Níbo ni o ti ń rí i?"

"For front. As if e dey sit down there."

"Jẹ́ kí ó jókòó. Má lé e. Bí o bá lé e, ẹkún rẹ yóò di ti inú kásẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ìjókòó ni mo ní kí ó jókòó; má jẹ́ kí ó dìde wá bá ọ kọrin. Kọ orin náà fún un, kí o sì máa bá a lọ."

"Mama, you too dey see am?"

Sìkírátù ń ká òwú mọ́ ọwọ́. Kò dá ọwọ́ dúró. "Èmi ni mo bí i," ni ó wí. "Dìde. Láti ibi tí o ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí rẹ."

Nǹkan kan wà tí kò kà sí. Ọdún méjì sẹ́yìn, nínú yàrá kan náà, ó ti kọ́ Maimunah ní ẹkún ìyàwó mìíràn. Nínú èyíinì, ìran ahunṣọ, ìran Nasirudeen, ni ìyàwó ń kí nígbà tí ó bá dé iwájú ìyá ọkọ. Akóredé wá láti ìran alágbẹ̀dẹ. Oríkì tiwọn ni ó ń kọ́ ọ ní báyìí. Ó rò pé tuntun ti bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáradára ni í gbàgbé pé ohun tí òun bá kọ́ ènìyàn kì í tètè kúrò níbẹ̀.

*

Alẹ́ ni ó ni ẹkún ìyàwó. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú ni wọ́n ń sun ún ní ilé, kí òkùnkùn lè bo ojú ẹni tí ń sunkún, kí ìyàwó lè rí ìyá rẹ̀ bí òjìji nìkan. Ṣùgbọ́n ìjọba ti kéde kónílé-ó-gbélé ní Warri àti agbègbè rẹ̀. Ẹni tí ilẹ̀ bá ṣú mọ́ ní ìta, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó wà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe so yìgì ní òwúrọ̀, tí wọ́n sì mú ẹkún ìyàwó sí ọ̀sán gangan, lẹ́yìn ìrun Àìlà, kí wọ́n lè sin ìyàwó dé ilé ọkọ kí oòrùn tó rẹlẹ̀.

Oòrùn kò bo ojú ẹnikẹ́ni. Àgbàlá Hàmídù funfun báláú. Àwọn ará ilé ọkọ jókòó ní apá kan, ìyá Akóredé ní iwájú wọn, obìnrin sísanra tí ó gbé ọwọ́ lé orókùn bí onídàájọ́. Àwọn obìnrin ọjà Igbudu jókòó ní apá kejì. Kí á sọ òtítọ́: púpọ̀ nínú wọn kò wá wo ìyàwó. Ojú Sìkírátù ni wọ́n wá wò. Fawziyyah gbé rédíò lé ẹsẹ̀, ìka rẹ̀ sún mọ́ bọ́tìnnì.

Sìkírátù gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn Maimunah. Ẹ̀yìn náà gbóná, èémí rẹ̀ sì ń lọ geere. Ó fi ìlà kìíní sí i létí. Maimunah kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó sì gbé ohùn sókè:

*Bàbá mi, mo dé, mo wá jíṣẹ́ ẹsẹ̀ mi fún ọ.
Ẹsẹ̀ tí o kọ́ ní ìrìn ni ó fẹ́ rìn kúrò lọ́dọ̀ rẹ.
Ọjọ́ tí mo ti ń jẹun nínú àwo rẹ,
n kò mọ̀ pé àlejò a máa dá àwo padà.
Gbé ọwọ́ lé mi lórí kí n tó dìde;
òjò ìlú yìí pọ̀, orí tí a kò wúre fún ni í pa.*

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbè é. Kò sí Pidgin lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú wọn. Hàmídù la ẹnu láti wúre, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó gbé lé ọmọ náà lórí. Àwọn ènìyàn kùn. Wọ́n kò rí olórí ọlọ́jà ní irú ipò yẹn rí.

Maimunah dìde, ó lọ kúnlẹ̀ fún Fawziyyah.

*Àǹtí mi, ìwọ tí kò rọbí mi tí ẹ̀yìn rẹ sì mọ ìwúwo mi,
bí wọ́n bá bi mí léèrè pé ìyá mi dà,
n ó na ọwọ́ kan sí sàréè, n ó na ọ̀kan sí ọ;
ọwọ́ tí mo nà sí ọ ni kì í rẹ̀.*

Fawziyyah, obìnrin tí kò ní ewé lọ́wọ́, bú sẹ́kún. Rédíò fẹ́ yọ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó gbá a mú, ó sì wo Sìkírátù pẹ̀lú ìbínú, bí ẹni pé obìnrin náà já nǹkan gbà lọ́wọ́ òun.

Lẹ́yìn èyí ni ó kan ìyá ọkọ. Sìkírátù ti Maimunah síwájú díẹ̀, ó fi ọ̀rọ̀ sí i létí: *Mo kí yín, aya alágbẹ̀dẹ.* Maimunah gbé ẹsẹ̀ kan. Àtẹ́lẹwọ́ Sìkírátù gbọ́ ọ kí etí tó gbọ́: èémí náà kò já, ó yí padà ni. Ọmọ náà kò kúnlẹ̀ síwájú. Ó yí ara rẹ̀ padà láti ẹsẹ̀ dé orí, ó bọ́ lọ́wọ́ tí ó dì í mú, ó kúnlẹ̀ níwájú ẹni tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ké:

*Mo kí yín, ìyá ọkọ mi, aya ahunṣọ,
ilé tí òfì ti í jí kí àkùkọ tó kọ—*

Kò sí ẹni tí ó gbè é. Ìyá Akóredé gbé ọwọ́ kúrò ní orókùn. Ọkùnrin kan nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ dìde dúró. "Ta ni ó ń kí?" ni ó bèèrè. "Ṣé òkú ni ọmọ yìí fẹ́ tàbí ọmọ wa?" Maimunah gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ojú rẹ̀ ń bẹ Sìkírátù. Fawziyyah gbé ìka lé bọ́tìnnì.

Sìkírátù kò ní ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni mọ́ tí yóò dúró sí. Láti ọjọ́ tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà, létí ìyàwó ni ohùn rẹ̀ ti ń gbé. Kò gbé e sókè lójú agbo rí. Oòrùn wà ní ojú rẹ̀. Gbogbo àwọn tí wọ́n wá wo ojú náà ń wò ó.

Ó rí Nasirudeen. Ó jókòó ní ibi tí ọmọ náà ti sọ pé ó ń jókòó, aṣọ òfì lórí itan rẹ̀. Kò lé e.

Àṣà ni pé ẹni tí ìyàwó bá kúnlẹ̀ fún gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. Ó dá a lóhùn:

*Ilé ahunṣọ jẹ́ ọ, ọmọ mi, ilé ahunṣọ gbọ́.
Ẹnu ọ̀nà wa ni o dé, ilẹ̀kùn ni kò ṣí.
Aṣọ rẹ wà lórí òfì, ahunṣọ ni kò sí.
A kì í fi ìdajì aṣọ bora,
a kì í fi ìdajì ọ̀nà ṣe ilé.
Mo já òwú náà. Eyín mi ni mo fi já a.
Gba ibi tí a hun dé, kí o fi pọn ọmọ ní ilé tí o ń lọ.
Iná ń jó ní ilé alágbẹ̀dẹ,
ẹwìrì ń fẹ́, wọ́n ń retí ẹni tí yóò jókòó ti iná.
N kò lé ọ. Ọ̀tọ̀ ni kí á lé ọmọ,
ọ̀tọ̀ ni kí á tú ọmọ sílẹ̀.
Dìde, mo tú ọ sílẹ̀.*

Ohùn náà kò dùn. Ohùn tí ó ti gbó ni, ó sì ha. Ṣùgbọ́n kò gbọ̀n ní ìlà kìíní, kò gbọ̀n ní ìlà tí ó kẹ́yìn. Nígbà tí ó sọ pé eyín ni òun fi já òwú, àwọn obìnrin ọjà Igbudu tí wọ́n wá wòran dorí kodò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá wò bóyá omi yóò jáde ní ojú ẹnìkan. Ní ojú tiwọn ni ó ti ń jáde.

Sìkírátù bẹ̀rẹ̀, ó mú Maimunah ní èjìká méjèèjì, ó gbé e dìde, ó sì yí i padà sí iwájú. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ padà sí ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. "Mo kí yín, aya alágbẹ̀dẹ," ni ó sọ sí i létí.

*Mo kí yín, aya alágbẹ̀dẹ,* ni Maimunah ké, ohùn rẹ̀ sì kún, kò tutù, kò sì já. Àwọn elégbè gbè é bí ẹni tí a tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n.

Ìyá Akóredé jẹ́ kí ó sun ún dé òpin. Lẹ́yìn náà ó ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ó rìn kọjá ìyàwó tí ó kúnlẹ̀, ó sì dúró níwájú Sìkírátù. "Mo ti ń bi ara mi pé ọwọ́ ta ni n ó ti gba ọmọ yìí," ni ó wí. "Mo ti mọ̀ báyìí. A gbà á lọ́wọ́ rẹ, Ìyá Nasiru." Ó yíjú sí ọkùnrin rẹ̀ tí ó dìde. "Ìwọ, jókòó. Ìyàwó tí kò ní ẹni tí yóò dágbére fún ni kí o bẹ̀rù."

*

Ilé Akóredé kò jìnnà. Wọ́n fi ẹsẹ̀ sin ìyàwó lọ, wọn kò sì pariwo nítorí sójà. Ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n da omi tútù sí Maimunah lẹ́sẹ̀. Ó kọjá sínú ilé. Kí ó tó wọlé tán, ó bojú wẹ̀yìn. Sìkírátù mi orí sí i lẹ́ẹ̀kan, bí olùkọ́ ti í ṣe sí ọmọ tí ó yege.

Àwọn obìnrin kò tú ká. Wọ́n rọ̀gbà yí Sìkírátù ká ní ojú ọ̀nà, Fawziyyah ní iwájú, rédíò ní abíyá rẹ̀. Gbogbo wọn mọ òfin náà: ẹsẹ̀ ti kan omi.

"Ìyá Nasiru," ni Fawziyyah wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, "ó ti parí. Ẹ lè sunkún wàyí. A wà pẹ̀lú yín."

Sìkírátù wò wọ́n yí ká. Àánú wà ní ojú wọn. Àánú náà pàápàá dúró níbẹ̀, ó ń retí omijé rẹ̀.

"Fawziyyah, ta ni ó gba owó ìwòran lọ́wọ́ yín?"

"Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe—"

"Ní ọjọ́ tí a sin Nasiru, ojú tí ó wà lára mi pọ̀ ju èyí tí ó wà lára òkú lọ. Mo rí yín. N kò sun ún fún yín lọ́jọ́ náà, n kò ní sun ún fún yín lónìí. Mo ti fún yín ní ohun tí mo ní láti fún yín, ẹ sì ti gbà á. Ojú yín ṣì tutù. Èyí tí ó kù kì í ṣe ti agbo."

Hàmídù ti dé ẹ̀yìn wọn. Ó ṣí fìlà. "Ìyá Nasiru, ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa iṣẹ́ yín..."

"Ẹ sọ ọ́ fún mi ní ọjà lọ́la, Alhaji, ní etí gbogbo àwọn tí wọ́n ti gbọ́ èkínní. Kónílé-ó-gbélé kò ní dúró dè wá." Ó mú bàtà rẹ̀, ó fi sí ẹsẹ̀. "Kí ẹ sì dá kásẹ́ẹ̀tì padà fún ẹni tí ó tà á. Ẹ kò lò ó."

Ó lọ.

Èrò pọ̀ níwájú àwọn sójà. Olúkúlùkù ń sáré kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó bọ́ sí àárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n: àwọn òṣìṣẹ́, àwọn ẹlẹ́ja, obìnrin kan tí ó gbé agbada gaàrí tí ó ti ṣófo lórí. Sójà ké. Gbogbo wọn na ọwọ́ sókè. Sìkírátù na tirẹ̀.

Níbẹ̀ ni ẹkún ti dé. Kò pè é, kò sì lé e. Omijé náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn láti ojú méjèèjì, ó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó gba ọrùn, ó wọ inú aṣọ. Ọwọ́ rẹ̀ wà lókè. Kò lè nù ún. Kò sì tẹ orí ba. Ó gbé ojú náà sí oòrùn ìrọ̀lẹ́ níwájú ìbọn, níwájú àpò iyẹ̀pẹ̀, ó ń rìn, ètè rẹ̀ sì ń pe orúkọ kan tí kò pè ní ọjọ́ ìsìnkú.

Sójà kékeré kan wò ó, ó sì gbé ojú kúrò. Obìnrin alágbada yí ọrùn díẹ̀ lábẹ́ ẹrù rẹ̀.

"Mama, sorry o. Wetin happen? Who die?"

"No sorry for me," ni Sìkírátù dáhùn, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "I don finish work."

Ó na ọwọ́ rẹ̀ ga sí i, ó sì kọjá.